Ẹgbẹ́ Wo Ni Kí N Ṣe ní Fínlándì?

Bí o bá bi ọmọ ọdún méje kan ní Agége pé, “Ta lò ń ṣe?”, kò ní bi ọ́ léèrè ohun tí o ní lọ́kàn. Arsenal ni yóò wí, tàbí Chelsea, tàbí Man U, bí ìgbà tí èèyàn ń dárúkọ agboolé bàbá rẹ̀. Kò débẹ̀ rí, kò sì mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n náà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan tó ti ń ṣe Arsenal láti 1999 tí Kanu ti wọ ibẹ̀. Bí a ṣe ń jogún ẹgbẹ́ nìyẹn. Èmi gan-an kò yan tèmi. Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù àdúgbò wa ló yàn án fún mi, torí ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ń pariwo jù níbẹ̀ ni mo rí àyè jókòó sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pesäpallo, eré ìdárayá kan ní Fínlándì, tojú sú mi. Oṣù kẹfà ni, bọ́ọ̀lù Yúróòpù ti lọ fún ìsinmi, àwa tó ń wò ó kò sì mọ ohun tí a ó fi òpin ọ̀sẹ̀ ṣe mọ́. Mo kàn ń wo fídíò kiri lórí fóònù ni mo bá rí ọkùnrin kan tó dúró létí pápá, tó di abẹ̀bẹ̀ aláwọ̀ oríṣiríṣi mú, tó ń ṣí i, tó ń pa á dé. Mo kọ́kọ́ rò pé ooru ló ń mú un. Ooru kọ́. Nígbà tí mo fi máa mọ ohun tó ń fi abẹ̀bẹ̀ náà ṣe, mo ti wo eré márùn-ún, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi pé ẹgbẹ́ wo ni kí n máa ṣe. Kò sí ẹ̀gbọ́n tó máa sọ fún mi. Kò sí Kanu kankan níbẹ̀.

Ẹni tó bá ti ṣeré ráúńdà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti mọ ìdajì eré yìí. Igi wà, bọ́ọ̀lù kékeré wà, ibùdó wà tí èèyàn gbọ́dọ̀ sáré dé kí bọ́ọ̀lù tó dé. Àwọn ará Fínlándì ń pe ibùdó yẹn ní pesä, ìyẹn ìtẹ́ ẹyẹ. Pallo ni bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù ìtẹ́ ni wọ́n ń pè é, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sì ń gé e kúrú sí pesis. Ìtẹ́ kìíní wà lápá òsì, ìkejì wà ní òdìkejì pápá lápá ọ̀tún, ìkẹta tún wà lápá òsì, lẹ́yìn náà ló kan ìtẹ́ ilé. Ọ̀nà ẹni tó ń sáré á wá rí kọ́lọkọ̀lọ, bíi ti ẹni tí òjò ká mọ́ ọjà, tó ń sá láti abẹ́ ìsọ̀ kan bọ́ sí abẹ́ òmíràn.

Jíjù bọ́ọ̀lù ló yà á sọ́tọ̀ pátápátá sí beesibọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí a máa ń rí nínú fíìmù. Ní Amẹ́ríkà, ẹnì kan á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, á ju bọ́ọ̀lù bí òkò sí ẹni tó di igi mú. Ní Fínlándì, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù dúró ti ẹni tó fẹ́ gbá a, awo róbótó kan tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Á ju bọ́ọ̀lù sókè gangan, kó fi mítà kan, ó kéré tán, ga ju orí òun fúnra rẹ̀ lọ, bí ọmọdé ṣe ń ju ọsàn sókè tó ń hán an. Lukkari ni wọ́n ń pè é, orúkọ tí wọ́n fi ń pe ẹni tó ń lé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì láyé àtijọ́. Mo fẹ́ràn ìyẹn, torí òun ló ń lé e lóòótọ́: bí kò bá jù, ẹnikẹ́ni ò lè gbè é.

Bọ́ọ̀lù mẹ́ta ni ẹni tó di igi mú ní. Kò pọn dandan kó sáré lẹ́yìn èyí àkọ́kọ́ tàbí èkejì. Ó lè gbá a lásán kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti wà lórí ìtẹ́ lè sún síwájú, kí òun sì dúró síbẹ̀ kó máa retí èyí tó kù. Bí bọ́ọ̀lù bá ṣáájú ẹni tó ń sáré dé ìtẹ́, wọ́n á ní ó jóná. Bí mẹ́ta bá jóná, a yí ẹ̀gbẹ́ padà. Àmọ́ bí alátakò bá hán bọ́ọ̀lù tí o gbá kó tó balẹ̀ nígbà tí o ti ń sáré, o kò jóná o, o fara gbọgbẹ́ ni. Wàá kúrò lórí pápá, ṣùgbọ́n wọn ò ní kà ọ́ mọ́ àwọn mẹ́ta náà.

Jíjóná, ọgbẹ́: èdè ogun ni, kò sì ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀. Lauri Pihkala, tí ìnagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Tahko, tí wọ́n bí ní 1888, ló dá eré yìí sílẹ̀. Ó rí beesibọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà ní 1907, àmọ́ lójú tirẹ̀, àwọn tó dúró láìṣe nǹkan kan ti pọ̀ jù nínú eré náà. Ó padà sílé, ó pò ó mọ́ eré ìbílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní kuningaspallo, ó ń tún un ṣe títí tí pesäpallo fi jáde ní 1922. Fínlándì gba òmìnira ní 1917, ogun abẹ́lé jà níbẹ̀ ní 1918, Pihkala fúnra rẹ̀ sì ń bójú tó eré ìdárayá fún ẹgbẹ́ ológun ìlú tí wọ́n ń pè ní Suojeluskunta. Ọ̀dọ́ tó lè ju nǹkan kó bá ibi tó fẹ́, tó lè sáré láàárín ewu, tó sì lè gbọ́ àṣẹ ló ń wá. Bí o bá ti mọ ìyẹn, ọgbẹ́ inú eré náà á wá yé ọ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí abẹ̀bẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, abẹ̀bẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyá tó ń sun àgbàdo lẹ́bàá ọ̀nà, ó wà lọ́wọ́ olórí, ó sì wà lọ́wọ́ Ọ̀ṣun. Ní Fínlándì, ọwọ́ olùdarí eré ló wà. Ewé abẹ̀bẹ̀ náà pọ̀, àwọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀: pupa, funfun, ofeefee, aró, dúdú. Á ṣí ewé méjì, á pa á dé, á tún ṣí mìíràn, gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀ á sì máa wò ó. Àwọ̀ kan lè sọ pé kí ẹni tó wà ní ìtẹ́ kejì múra láti sáré, òmíràn lè ní kí ẹni tó di igi mú gbá a sílẹ̀. Àwọn alátakò náà ń wò ó, wọ́n ń gbìyànjú láti tú u. Torí náà ni wọ́n ṣe ń yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà, tí òmíràn á kàn jẹ́ ẹ̀tàn lásán. Àrokò gan-an nìyí! Àwọn baba wa máa ń so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí wọ́n fẹ́ràn, torí pé ẹ̀fà ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ. Ẹni tí kò gbọ́ èdè náà á rí owó ẹyọ, kò ní rí ọ̀rọ̀. Bí mo ṣe jókòó ti fóònù nìyẹn, mò ń rí àwọ̀.

Ó wá ku kí n yan. Ìdíje tó ga jù ń jẹ́ Superpesis, láti oṣù karùn-ún wọ oṣù kẹsàn-án, ti ọkùnrin wà, ti obìnrin wà. Àwọn obìnrin ti ń gba ife ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè láti 1931, kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe ọ̀ṣọ́. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ wọn ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni aago mẹ́rin tiwa, èèyàn lè wò ó tán kó tún bá oúnjẹ alẹ́.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí n mú Sotkamon Jymy. Ife ẹ̀yẹ ọkùnrin tí wọ́n ti gbà lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ṣùgbọ́n bí mo bá mú wọn, Real Madrid ni mo tún mú yẹn, mo sì mọ irú wa: a máa ń sọ pé a fẹ́ràn eré, ife ẹ̀yẹ là ń wò. Hyvinkään Tahko wù mí nítorí orúkọ Pihkala tí wọ́n ń jẹ́. Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Helsinki, wọn ni kó mú, torí ọkọ̀ ojú irin láti ibẹ̀ dé Hyvinkää kò jìnnà. Manse PP wà ní Tampere tó jẹ́ ìlú ńlá, wọ́n ní ti ọkùnrin, wọ́n ní ti obìnrin. Joensuun Maila wà ní ìlà oòrùn, nítòsí ibodè Rọ́ṣíà. Ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré o: láti 1932 ni àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù ní apá méjèèjì ti ń pàdé lọ́dọọdún.

Ohun kan ń yà mí lẹ́nu bí mo ṣe ń wo máàpù. Helsinki, olú-ìlú, kò fi bẹ́ẹ̀ lórúkọ nínú eré ọkùnrin lónìí. Eré tí wọ́n ń pè ní ti orílẹ̀-èdè, tí wọ́n gbé jáde fún gbogbo ayé láti wò ní Òlíḿpíìkì Helsinki ní 1952, inú àwọn ìlú kéékèèké ló ń gbé. Sotkamo tó jẹ́ alágbára yẹn, nǹkan bí 10,000 èèyàn ló wà níbẹ̀. Vimpeli kò tó 3,000. Bí gbogbo Vimpeli, tọmọdé tàgbà, bá wọ pápá Adámásingbà n'Íbàdàn, àyè ṣì máa ṣẹ́ kù. Ẹgbẹ́ ìlú yẹn, Vimpelin Veto, sì gba ife ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè ní 2016, wọ́n tún gbà á ní 2017.

Nígbà tí mo mọ èyí ni mo rántí ohun tí àwọn àgbà Ìbàdàn máa ń sọ nípa 1976, nígbà tí Shooting Stars, tí wọ́n ń pè ní IICC nígbà náà, gba ife Áfíríkà. Wọn kì í sọ pé ẹgbẹ́ náà gbà á. “A gbà á” ni wọ́n máa ń wí. Èmi tí mo ń fi orúkọ ẹgbẹ́ Lọ́ńdọ̀nù jà nílé ìwòran, kò sí bí mo ṣe lè wí bẹ́ẹ̀ kí ojú má tì mí díẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ìlú ń gbé ló wù mí, kì í ṣe ẹgbẹ́ tí owó ń gbé.

Vimpeli ni mo mú. Etí adágún Lappajärvi ló wà. Òkúta kan láti ojú ọ̀run ló já lulẹ̀ lọ́dún tó ti lé ní àádọ́rin mílíọ̀nù sẹ́yìn tó gbẹ́ ihò adágún náà. Pápá wọn ń jẹ́ Saarikenttä, pápá erékùṣù. Alájọgbé wọn ni Alajärvi, tí ẹgbẹ́ tirẹ̀ ń jẹ́ Ankkurit, àwọn ìdákọ̀ró. Lọ́jọ́ tí ìlú méjèèjì bá pàdé, ó máa ń dà bí ìlú méjì tó ń ná ọjà kan náà: wọ́n mọ ara wọn dé ilé àna, ìyẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹ́ gbà fún ẹnìkejì.

Kí n má fi ìfẹ́ bo àbùkù. Ní 1998, àṣírí tú pé àwọn kan nínú eré yìí ti ń ṣètò èsì ìfigagbága sílẹ̀ nítorí owó kàlòkàlò. Agbábọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀, olùdarí wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ dé kóòtù. Ọ̀pọ̀ èèyàn kẹ̀yìn sí pápá. Ìtìjú tó bá ìlú kékeré burú ju ti ìlú ńlá lọ, torí ẹni tó tà ọ́ yẹn, ẹ jọ ń ra búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù kan náà ni.

Nǹkan kan wà nínú òfin eré náà tó tu olólùfẹ́ òkèèrè lára. Apá méjì ni ìfigagbága, abala mẹ́rin mẹ́rin ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì ń ka apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá fi 9 sí 0 nà ọ́ ní apá kìíní, òdo ni ẹ ó jọ bẹ̀rẹ̀ apá kejì. Mo ti tìtorí èyí jókòó ti fóònù pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn mẹ́ta kan tún wà tí wọ́n ń pè ní jokeri, bíi jókà inú káàdì. Igi ni wọ́n ń wá gbá, wọn kì í ṣọ́ pápá. Àwọn ni wọ́n sábà máa ń fi mú ẹni tó wà ní ìtẹ́ kẹta délé. Kotiuttaja ni wọ́n ń pe ẹni tó mọ iṣẹ́ yẹn ṣe dáadáa: amúni-délé.

Lọ́jọ́ kan ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi nílé, ó rí mi tí mo tẹjú mọ́ fóònù.

“Bọ̀ọ̀dá, ta lẹ̀ ń ṣe?”

“Vimpelin Veto.”

“Ta ló wà níbẹ̀?”

Mo wá orúkọ tó máa mọ̀, n kò rí. Mo ní kó jókòó. Ọmọkùnrin kan wà ní ìtẹ́ kẹta, ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ sì di igi mú, bọ́ọ̀lù méjì ló kù fún un. Olùdarí ṣí abẹ̀bẹ̀: pupa, lẹ́yìn náà funfun. Ó pa á dé.

“Kí ló wí?”

Mo ti wo eré tó pọ̀ nígbà yẹn, mo gbà pé mo ti gbọ́ èdè náà. “Ó ní kí ọmọ yẹn dúró síbẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ fi bọ́ọ̀lù kan ṣòfò.”

Lukkari ju bọ́ọ̀lù sókè. Kó tó bọ̀ wálẹ̀, ọmọ tó wà ní ìtẹ́ kẹta ti ń sáré bọ̀ wálé.