Ìyára Àtijọ́ sí Ìwọ̀n Òde Òní: Àtẹ fún Ilé Tó Ní CD, DVD àti Háàdì Dísìkì Láti Dà Kọ

ÌPILẸ̀ṢẸ̀
Ní 1956 ni IBM gbé RAMAC, kọ̀ǹpútà tó ń lo háàdì dísìkì, jáde ní California. Lẹ́tà 8,800 ló ń kà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. CD orin dé ọjà ní 1982, DVD ní 1996, Blu-ray ní 2006. Ìyókù, ojú gbogbo wa ló ṣe.

ÒFIN ÌṢIRÒ
1. b kékeré ni bíìtì, B ńlá ni báìtì. Bíìtì 8 ló wà nínú báìtì 1. Ẹ fi 8 pín Mb/s, ó di MB/s. Ẹ sọ MB/s di ìlọ́po 8, ó di Mb/s.
2. Bíìtì ni àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fi ń ka ìyára. Báìtì ni kọ̀ǹpútà fi ń kà á nígbà tó bá ń da fáìlì kọ. Íntánẹ́ẹ̀tì 10 Mb/s kò ju 1.25 MB/s lọ.
3. Fún wáyà SATA àti USB 3.0, 10 ni kí ẹ fi pín, kì í ṣe 8, torí bíìtì 10 ni wọ́n fi ń gbé báìtì kan kọjá.
4. Kílò àtijọ́ lórí kọ̀ǹpútà jẹ́ 1,024. Ti òde òní jẹ́ 1,000. Ní December 1998 ni àjọ IEC ya wọ́n sọ́tọ̀: KiB fún ti àkọ́kọ́, kB fún ìkejì.

CD, DVD ÀTI BLU-RAY
Àmì x tó wà lójú ẹ̀rọ, tó ń sọ ìlọ́po ìyára 1x, ni ẹ ó máa wò. Ìpín (sector) 75 ni ẹ̀rọ CD 1x ń kà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìpín kọ̀ọ̀kan sì gba báìtì 2,048. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ báìtì 153,600, ìyẹn KiB 150. x ti DVD àti ti Blu-ray yàtọ̀ sí ti CD. Ẹ má pa wọ́n pọ̀.

CD 1x: 0.15 MB/s, 1.23 Mb/s
CD 4x: 0.61 MB/s, 4.92 Mb/s
CD 16x: 2.46 MB/s, 19.7 Mb/s
CD 24x: 3.69 MB/s, 29.5 Mb/s
CD 52x: 7.99 MB/s, 63.9 Mb/s
DVD 1x: 1.385 MB/s, 11.08 Mb/s
DVD 8x: 11.08 MB/s, 88.6 Mb/s
DVD 16x: 22.16 MB/s, 177.3 Mb/s
Blu-ray 1x: 4.5 MB/s, 36 Mb/s
Blu-ray 6x: 27 MB/s, 216 Mb/s

VCD, irú èyí tí wọ́n fi ta fíìmù Yorùbá fún wa lọ́pọ̀ ọdún, ń lo báìtì 2,324 nínú ìpín kọ̀ọ̀kan. Ìyára rẹ̀ jẹ́ 1.39 Mb/s. Àwo kan kò gbà ju bí ìṣẹ́jú 80 lọ, ìdí nìyẹn tí fíìmù gígùn fi ń gba àwo méjì.

Ọ̀nà àbùjá: ẹ fi iye x pín iye ìṣẹ́jú tó wà nínú CD. VCD ìṣẹ́jú 80 lórí 16x yóò gba ìṣẹ́jú 5. DVD 4.7 GB gba bí ìṣẹ́jú 57 lórí 1x, àti bí ìṣẹ́jú 7 lórí 8x. Ṣùgbọ́n etí àwo nìkan ni 52x ti ń pé; nítòsí àárín, níbi tí kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀, ìyára kì í tó ìdajì rẹ̀. Àwo tó bá ti họ, ẹ kà á ní 4x tàbí 8x, kí ẹ sì ní sùúrù.

FLỌ́PÌ 1.44 MB
Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló ń yí ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, báìtì 9,216 ní yíyí kọ̀ọ̀kan: 46 kB/s, tàbí 0.37 Mb/s.

WÁYÀ ÀTI IHÒ
IDE 33, 66, 100, 133: MB/s ni nọ́ńbà wọn, ẹ má pín in mọ́. 133 jẹ́ 1,064 Mb/s.
SCSI (1986): 5 MB/s, 40 Mb/s
SCSI Ultra320: 320 MB/s, 2,560 Mb/s
SATA 1.5, 3 àti 6 Gb/s: 150, 300 àti 600 MB/s
USB 1.1 (1998): 12 Mb/s, 1.5 MB/s
USB 2.0 (2000): 480 Mb/s, 60 MB/s nínú ìwé, 30 sí 40 lójú iṣẹ́
USB 3.0 (2008): 5 Gb/s, 500 MB/s

MẸ́MÓRÌ KÁÀDÌ
x ti CD náà ni wọ́n yá lò: 133x jẹ́ 20 MB/s. Káàdì tí wọ́n kọ Class 10 sí kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju 10 MB/s lọ.

ÀKÓKÒ ÀTI EPO JẸNẸRÉTỌ̀
Ẹ sọ GB di ìlọ́po 1,000, kí ẹ fi MB/s pín in. Ìṣẹ́jú-àáyá ni ìdáhùn. Ẹ tún fi 60 pín in, ó di ìṣẹ́jú. Háàdì dísìkì 500 GB lórí USB 2.0, ní 30 MB/s, yóò gba wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 38. Lórí USB 3.0, bí dísìkì náà bá lè ka 100 MB/s, wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 23 ni. Ẹ ṣe ìṣirò yìí kí ẹ tó tan jẹnẹrétọ̀, kí epo má baà tán láàárín iṣẹ́.

ÌMỌ̀RÀN
• Ohun tó lọ́ra jù láàárín ẹ̀rọ, wáyà àti ihò ló ń pinnu ìyára. Fláàṣì USB 3.0 olówó ńlá kò ní sáré lára kọ̀ǹpútà tó ní ihò 2.0 nìkan; ẹ fi owó yín pamọ́.
• DVD 16x kò ju 22.16 MB/s lọ, USB 2.0 sì tó o. Ẹ̀rọ àtijọ́ tó ṣì ń kà dáadáa kò yẹ ní jíjù nù.
• Fídíò ìgbéyàwó 4.7 GB lórí íntánẹ́ẹ̀tì 10 Mb/s yóò gba bí ìṣẹ́jú 63, yóò sì jẹ dátà 4.7 GB. Bí ẹbí bá ń rìnrìn àjò lọ bá àwọn ará ilé ní London, ẹ fi fláàṣì rán an.
• Oòrùn àti ooru ń ba àwo tí a kọ nílé jẹ́. Ẹ kọ́kọ́ da ohùn àti àwòrán àwọn àgbà tó ti lọ kọ, kí ẹ tó kan fíìmù tí a ṣì lè rí rà. Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ ṣe, kí ọ̀kan wà ní ilé ẹbí mìíràn.