Ta Ni Yóò San Owó Gbà-má-bìínú?

Bí ọkọ̀ tó kó gàrí láti Ìdógò bá ya wọ ilé ẹnìkan nítorí eré àsápajúdé, ta ni onílé yóò dì mú? Awakọ̀ jẹ̀bi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọlọ́kọ̀ tó gbà á síṣẹ́, tó sì rán an ní iṣẹ́ náà, kò lè sọ pé kò kan òun.

Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin rí fún ilé ìwòsàn. Bí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì bá fi àìbìkítà pa aláìsàn lára lẹ́nu iṣẹ́, a lè pe ilé ìwòsàn tó gbà á síṣẹ́ lẹ́jọ́. Owó tí kóòtù bá ní kí wọ́n san fún ẹni tí a pa lára, tàbí fún ẹbí òkú, ni à ń pè ní owó gbà-má-bìínú.

Ẹ gbọ́ ẹjọ́ kan. Obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ wà ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn. Wọ́n fura pé ọpọlọ rẹ̀ ti dàrú, bí ó ti máa ń ṣe àwọn abiyamọ mìíràn. Dókítà ní kí nọ́ọ̀sì máa ṣọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì fi í sílẹ̀. Obìnrin náà já bọ́ láti òkè ilé, ó sì kú. Ní ọdún 1961, kóòtù ní ilé ìwòsàn jẹ̀bi. Wọ́n ti mọ ewu tó wà níbẹ̀, síbẹ̀ wọn kò ṣọ́ ọ.

Ṣé gbogbo ẹni tó bá kú sí ọsibítù ni a ó gba owó lé lórí? Rárá o. Àwọn àgbà ní, “Àrùn là á wò, a kì í wo ikú.” Ohun mẹ́ta ni kóòtù ń bèèrè. Èkíní, ṣé aláìsàn wà ní ìkáwọ́ wọn? Èkejì, ṣé wọ́n kùnà láti ṣe ohun tí oníṣẹ́ ìlera tó mọṣẹ́ yóò ṣe? Ẹ̀kẹta, ṣé ìkùnà náà gan-an ló fa ìpalára?

Ẹni tó bá pe ẹjọ́ ló ní láti fi ẹ̀rí hàn. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún obìnrin kan ní ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní ìlú Benin. Abẹ́rẹ́ kán, ó sì kù sínú rẹ̀. Obìnrin náà bèèrè mílíọ̀nù 2 náírà. Ṣùgbọ́n kò mú dókítà kankan wá jẹ́rìí fún un. Ní ọdún 2006, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ pé kò rí ẹjọ́ rẹ̀ fi múlẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀.

Nítorí náà, bí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀, kí ni kí á ṣe? Ẹ má lu nọ́ọ̀sì, ẹ má sì fọ́ ilé ìwòsàn. Ìyẹn yóò sọ olóhun di ọ̀daràn. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá ilé ìwòsàn. Òfin ìlera ti ọdún 2014 fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti fi ẹjọ́ sùn nípa ìtọ́jú tí wọ́n fún un.

A tún lè kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn dókítà ní Nàìjíríà. Ilé ẹjọ́ wọn lè dá dókítà dúró fún oṣù 6, tàbí kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé. Ṣùgbọ́n wọn kì í fún ènìyàn lówó. Kóòtù ló ń ṣe ìyẹn. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè lọ bá Legal Aid Council, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1976.

Ẹ má fi falẹ̀ o! Bí ó bá jẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba, òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba lè ti ilẹ̀kùn kóòtù mọ́ wa lẹ́yìn oṣù 3 péré. Ẹ tètè rí lọ́yà.

Ẹ tọ́jú káàdì, rìsíìtì àti ìwé oògùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kọ, ẹ kọ ọjọ́, wákàtí, orúkọ oògùn àti ohun tí dókítà sọ sílẹ̀. Ẹnu lásán lè gbàgbé. Ìwé tí a kọ lọ́jọ́ náà ni yóò bá wa dúró níwájú adájọ́.