Ọ̀fìnkìn Ẹyẹ: Kí Ẹni Tó Fọwọ́ Kan Adìẹ Tó Ṣàìsàn Dárúkọ Rẹ̀ Kí Nọ́ọ̀sì Tó Béèrè

Ìwé ìlàlóye fún àwọn ará Sabon Gari, Kano

Lójú fèrèsé ìforúkọsílẹ̀

Obìnrin kan wọlé, ara rẹ̀ gbóná, ó ń wúkọ́, ọ̀fun ń dùn ún. Nọ́ọ̀sì bi í pé ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀. Ó ní ó ti di ọjọ́ márùn-ún. Ó ti ra panadó àti oògùn ibà ní kẹ́míìsì, ó ti mu àgbo pẹ̀lú. Wọ́n kọ ibà sí káàdì rẹ̀, ó sì ń lọ sílé. Ẹnu ọ̀nà ló dé kó tó yíjú padà, tó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni mọ ohun tó ń pa adìẹ lásìkò yìí, torí pé mẹ́fà ló kú nínú àgò òun lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun sì yára dúńbú méjì tó kù kí wọ́n má baà kú dànù.

Adìẹ yẹn ló yẹ kó kọ́kọ́ dárúkọ.

Irú èyí ló ń ṣẹlẹ̀ léraléra, òun ló sì fa ìwé yìí. Àwọn ènìyàn ń pẹ́ kí wọ́n tó wá. Bí wọ́n bá sì wá, wọ́n á sọ ti orí fífọ́ àti ti ara ríro, wọ́n á fi ti adìẹ sílẹ̀. Àwọn kan gbàgbé ni. Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ adìẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Àwọn mìíràn mọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ìjọba á wá pa gbogbo ẹyẹ inú kọ́ńpáàǹdì.

Ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó sọ bí ewu ṣe tó

Nínú àyẹ̀wò tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣe pẹ̀lú àwọn àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti ìlera ẹranko, wọ́n ní ewu ọ̀fìnkìn ẹyẹ fún gbogbo ènìyàn ṣì kéré, ṣùgbọ́n pé ó ga díẹ̀ fún àwọn tó ń fọwọ́ kan ẹyẹ lójoojúmọ́. Ìdí kan ni pé kòkòrò àrùn H5N1, tó ń fa ọ̀fìnkìn ẹyẹ yìí, kò rí ibi dì mú dáadáa ní imú àti ọ̀fun ènìyàn. Inú ẹ̀dọ̀fóró lọ́hùn-ún ló ti ń ríbi dúró. Nítorí náà, ó lè da ẹni tó kó o dùbúlẹ̀ gan-an, síbẹ̀ kí ikọ́ rẹ̀ má fi bẹ́ẹ̀ ràn ẹlòmíràn. Láti ọdún 2003, ó ju 900 ènìyàn lọ tí WHO ti kà pé wọ́n ní in káàkiri ayé, nǹkan bí ìdajì wọn ló sì kú.

Ohun tó lè yí ìdájọ́ yẹn padà ni bí àrùn náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara ènìyàn kan bọ́ sára èkejì láìdúró. Ìbéèrè kan wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n: gbogbo ẹni tó ṣàìsàn yìí, ta ló fọwọ́ kan ẹyẹ, ta ni kò fọwọ́ kàn án?

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2004, ní Thailand, ọmọbìnrin kékeré kan tó ń gbé nílé tí adìẹ ti kú ṣàìsàn. Ìyá rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí Bangkok tí kò sì sún mọ́ adìẹ, wá tọ́jú rẹ̀ ní ọsibítù. Ọmọ kú, ìyá náà kú. Nítorí pé àwọn ẹbí sọ ẹni tó wà nítòsí adìẹ àti ẹni tí kò sí níbẹ̀, àwọn dókítà mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ara ọmọ ni ìyá ti kó o. Ní Karo, ní Indonesia, lọ́dún 2006, ènìyàn 8 nínú ẹbí kan ló ní in, 7 kú. Ibẹ̀ náà, àrùn ọ̀hún kò jáde kúrò nínú ẹbí yẹn. Bí wọn kò bá mọ ẹni tó sún mọ́ ẹni ni, kò sẹ́ni tí ì bá mọ ibi tó parí sí.

Nàìjíríà ní tirẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2007, obìnrin ẹni ọdún 22 kan kú ní Èkó. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọ̀fìnkìn ẹyẹ pa lórílẹ̀-èdè yìí. Ìyá rẹ̀ ti kú ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, àìsàn tó jọ tirẹ̀ ló ṣe é, ṣùgbọ́n wọn kò gba nǹkan kan lára ìyá fún àyẹ̀wò. Ṣé inú adìẹ kan náà ni àwọn méjèèjì ti kó o ni, àbí èkíní ló kó o ran èkejì? Wọ́n ti sin ìdáhùn yẹn.

Nítòsí níbí, nígbà tí àrùn náà tún ń pa adìẹ lọ́dún 2021, NCDC, àjọ tó ń dènà àrùn nílẹ̀ wa, yẹ ènìyàn 83 wò ní Kano àti Plateau, àwọn tó ń bá ẹyẹ ṣiṣẹ́. Àyẹ̀wò fi kòkòrò àrùn H5, irú ti ọ̀fìnkìn ẹyẹ, hàn lára 7, bẹ́ẹ̀ àárẹ̀ kankan kò ṣe wọ́n. Àwọn 83 yẹn gbà kí wọ́n yẹ àwọn wò, èyí ló jẹ́ ká mọ̀. Ní ìparí ọdún 2024, ó tún yọjú sí Galadanci, ní ìjọba ìbílẹ̀ Gwale, lára àwọn ẹyẹ tí wọ́n kó wá láti ọjà Janguza. Gwale kò jìnnà sí Sabon Gari.

Ohun mẹ́rin tí nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ gbọ́

Kí aláìsàn sọ àwọn mẹ́rin yìí lójú fèrèsé, kí ó tó sọ ti ibà. Bí nọ́ọ̀sì kò bá béèrè, kí ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Èkíní, irú ẹyẹ tó jẹ́: adìẹ ìbílẹ̀, adìẹ àgíríìkì, ẹtù, pẹ́pẹ́yẹ, tòlótòló tàbí ẹyẹlé. Pẹ́pẹ́yẹ lè gbé àrùn yìí kiri kó má hàn lára rẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ara ẹyẹ òun yá, kó wá dákẹ́.

Èkejì, ohun tí ọwọ́ ṣe. Pípa, títu ìyẹ́, yíyọ ìfun, gbígbá ìgbẹ́ inú àgò àti jíjù òkú ẹyẹ nù ni ọ̀nà tí ó gbà ń ran ènìyàn jù. Ẹran tó jinná dénú àti ẹyin tó le kì í fà á. Ẹni tó jẹ adìẹ ní pátì kò ní ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ẹni tó dúró ti omi gbígbóná tó ń tu ìyẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo ara rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Láàárín ọjọ́ 10 lẹ́yìn tí ènìyàn fọwọ́ kan ẹyẹ tó ṣàìsàn, bí ibà, ikọ́, ọ̀fun dídùn, ojú pípọ́n tàbí mímí tó nira bá dé, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó wá. Oògùn tí wọ́n ń lò, oseltamivir, máa ń ṣiṣẹ́ jù bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ 2 tí àìsàn bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fi ọjọ́ márùn-ún lo oògùn ibà ti jẹ́ kí àsìkò yẹn kọjá.

Ẹ̀kẹrin, àwọn tó kù nílé. Nínú kọ́ńpáàǹdì tí ìdílé mẹ́jọ ti ń lo ẹ̀rọ omi kan, kí ó sọ ẹni tó bá a pa adìẹ, ọmọ tó ń ṣeré nídìí àgò, àti ẹni tó ń wúkọ́ bí kò tilẹ̀ dé ìdí adìẹ rárá. Ẹni ìkẹyìn yìí ni kí ó má gbàgbé láé. Lára rẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ̀ bóyá ìdájọ́ ewu ti ń yí padà.

Àwọn kan máa ń ní, "Lúkúlúkú lásán ni." Lúkúlúkú àti ọ̀fìnkìn ẹyẹ jọra lójú: àwọn méjèèjì ń pa adìẹ lójijì, àwọn méjèèjì ń mú kí ó ṣe bí ẹni tó ń tòògbé. Àyẹ̀wò ní ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí ẹranko ní Vom ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Kí olúwa rẹ̀ sọ ohun tó rí, kó fi orúkọ àrùn sílẹ̀ fún wọn.

Bí ọ̀rọ̀ bá dé ibi tí ó yẹ, òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ àrùn ní ìjọba ìbílẹ̀ Fagge á gbọ́, ó sì ṣeé ṣe kí dókítà ẹranko wá wo àgò náà. Ilé ìwòsàn kò ní pa èyí mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ owó

NCDC kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ aláìsàn fún àyẹ̀wò ọ̀fìnkìn ẹyẹ. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀fìnkìn ẹyẹ fún ènìyàn tí wọ́n ń gún ní ilé ìwòsàn níbí, kò sì sí ìwé ẹ̀rí pé ẹnì kan kò ní in. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń ta èyíkéyìí nínú wọn, olè ni.

Owó gbà-má-bínú lórí adìẹ tí ìjọba bá pa kì í ṣe ti ilé ìwòsàn. Ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn ni kí wọ́n ti béèrè. Lọ́dún 2006, nígbà tí ìjọba san náírà 250 lórí adìẹ kan, adìẹ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fúnra wọn pa ni wọ́n kà, kì í ṣe èyí tí onílé ti pa tà tàbí tí ó ti sin.

Títí èsì á fi dé

Wọ́n á fi òwú nu inú imú àti ọ̀fun, èyí yóò sì lọ sí Abuja. Kí aláìsàn dúró nínú yàrá tirẹ̀ bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó máa bo imú, kí ẹnì kan péré máa tọ́jú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má tún wọ inú àgò láì bo imú àti ọwọ́, kí wọ́n má sì gbé òkú adìẹ jù sí gọ́tà. Bí mímí bá nira lóru, kí ẹni tó wà nílé pe 6232 lórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni. Bí wọ́n bá gbé e, kí ó kọ́kọ́ sọ ti adìẹ.