Èyí Tí Ó Rì Sínú Adágún

Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ogun ti rí, kí ó dé Hendon ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí a ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọmọ ogun òfurufú Ìlú Ọba sí ní 1972.

Ọkọ̀ òfurufú Lancaster kan wà níbẹ̀. Ó lé ní ìgbà 130 tí ó ru bọ́ǹbù lọ bá ọ̀tá. A kùn ún, ó ń dán. Ẹni tí ó bá rí i yóò fẹ́ pàtẹ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Halifax. Ní April 1942 ni ìbọn Jámánì bà á ní Nọ́wè, nígbà tí ó lọ dojú kọ ọkọ̀ ogun ojú omi Tirpitz. Ó balẹ̀ sórí adágún tí omi rẹ̀ ti dì, ó sì rì. Ọdún 1973 ni a tó fà á jáde. Bí ó ti fọ́, bí omi ti jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni a fi í sílẹ̀.

Lójú tiwa, àfọ́kù irin yìí ni olùkọ́. Nínú àwọn tí ń fi irú ọkọ̀ wọ̀nyí ju bọ́ǹbù fún Ìlú Ọba, ó lé ní 55,000 tí ó kú. Àwọn obìnrin àti ọmọdé tí bọ́ǹbù bá nílé ńkọ́? Ogun òfurufú náà kan ilé wa pẹ̀lú: Peter Thomas, ọmọ Èkó, awakọ̀ òfurufú, kú nínú jàǹbá ọkọ̀ ní 1945.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ń sọ ìtàn ogun fún ọmọ, ẹ má ṣe sọ ti ọkọ̀ dídán nìkan. Ẹ sọ ti èyí tí ó rì pẹ̀lú.