Ara Líle Ni À Ń Kọ́ Kí À Tó Kọ́ Àrùn

Ó wọ́pọ̀ ní Ìkìrun, ní Ìníṣà àti ní Òkukù, bí ó ti wọ́pọ̀ ní gbogbo ilẹ̀ wa, pé kí ewúrẹ́ ilé jáde ní òwúrọ̀ ní àlàáfíà, kí ó sì padà ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ikùn tí ó le bí ìlù. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kú. Nígbà náà ni ẹni tí ó ni ín yóò bẹ̀rẹ̀ sí wo ojú aládùúgbò: ta ni ó fún un ní májèlé jẹ? Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ẹran a máa rí ìdí irú ikú bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ nípa ara líle, kí a tó kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ àrùn.

Ẹ̀kọ́ yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1761 ni a fi àṣẹ fún Claude Bourgelat, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ẹṣin gígùn ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, láti dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹran sílẹ̀, nítorí àrùn kan ń pa màlúù ní ìpakúpa ní àkókò náà. Àrùn kan náà, tí à ń pè ní rinderpest, ni ó mú kí a dá ilé iṣẹ́ ìwádìí sílẹ̀ ní Vom, lẹ́bàá Jos, ní ọdún 1924. A ṣẹ́gun rẹ̀ nígbẹ̀yìn: ní ọdún 2011 ni a kéde pé ó ti tán lórí ilẹ̀ ayé. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹran bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1963. A sì ń kọ́ ọ ní Ìlọrin àti ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú. Ọdún mẹ́fà ni ọmọ tí ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama yóò lò.

Lẹ́yìn ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ohun tí a kọ́kọ́ gbé ka iwájú rẹ̀ ni ara ẹran tí ara rẹ̀ dá. Yóò ka egungun, yóò tú iṣan, yóò tẹ̀lé ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ láti inú ọkàn títí dé pátákò. Alápatà náà mọ ara ẹran, ṣùgbọ́n ó ń gé e láti tà á. Akẹ́kọ̀ọ́ ń tú u láti mọ iṣẹ́ tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Yóò wo ẹ̀jẹ̀ nínú awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Yóò ṣí ẹyin tí adìẹ ti sàba lé fún ọjọ́ mẹ́ta, yóò sì rí i pé ọkàn ọmọ inú rẹ̀ ti ń lù, bẹ́ẹ̀ ni ó ku ọjọ́ méjìdínlógún kí ó tó pa.

Níbẹ̀ ni yóò ti mọ̀ pé ẹran tí ń jẹ àpọ̀jẹ kò ní ikùn mẹ́rin bí àwọn ènìyàn ti ń wí: ikùn kan tí a pín sí yàrá mẹ́rin ni. Yàrá kan dà bí afárá oyin. Òmíràn ká léra bí ojú ìwé. Ẹ̀kẹrin ni ó dà bí ikùn ti ènìyàn. Èyí tí ó tóbi jù lọ ni ṣàkì, ìhà òsì ni ó sì wà. Nínú rẹ̀ ni àìmọye ẹ̀dá kéékèèké ti ń ṣiṣẹ́ lórí koríko, tí afẹ́fẹ́ sì ń jáde, bí ẹmu ti ń hó nínú akèrègbè. Ewúrẹ́ a máa gùnfẹ̀ láti tú afẹ́fẹ́ náà sílẹ̀. Bí nǹkan bá há a ní ọ̀fun, tàbí bí ó bá já wọ inú àgbàdo tí ó sì jẹ ẹ́ ní àjẹjù, afẹ́fẹ́ kò ní lè jáde mọ́, tàbí kí inú ṣàkì kan ju bí ó ti yẹ lọ. Ìhà òsì yóò wú, yóò ti ẹ̀dọ̀fóró mọ́lẹ̀, ẹran náà yóò sì kú. Kò sí ọwọ́ aládùúgbò níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ gbé àgbàdo sí ibi tí ẹran kò lè dé. Ẹ sá èèpo ẹ̀gẹ́ sí oòrùn kí ó gbẹ dáadáa kí ẹ tó fún ewúrẹ́, nítorí oró wà nínú èèpo tútù. Bí ìhà òsì bá wú, ẹ mú kí ẹran dúró, kí iwájú rẹ̀ ga ju ẹ̀yìn lọ, kí ẹ sì ránṣẹ́ pe oníṣègùn ẹran ní kíákíá. Ẹ má ṣe da epo tàbí àgbo sí ẹran tí ó dùbúlẹ̀ ní ọ̀fun. Ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà èémí sún mọ́ ara wọn, ohun tí ẹ pè ní ìwòsàn lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Ti adìẹ tún yàtọ̀. Kò ní awọ tí ó pààlà sí àárín àyà àti ikùn bí tiwa. Egungun àyà rẹ̀ ni ó ń gbé sókè sódò kí ó tó lè mí. Ẹni tí ó bá fún àyà adìẹ mọ́ ọwọ́ pinpin lè pa á láìmọ̀, bí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ a sì kọ́ ìwọ̀n ara líle. Ìgbóná ara ewúrẹ́ a máa wà láàárín 38.5 àti 40 lórí ìwọ̀n Celsius, nígbà tí tiwa jẹ́ 37. Nítorí náà, ara ewúrẹ́ tí ó gbóná sí ọwọ́ wa kò tíì di ibà. Bí ó bá sinmi lábẹ́ ibòji, a máa mí ní ìgbà 15 sí 30 ní ìṣẹ́jú kan. Oyún rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 150. Eyín mẹ́jọ ni ó ní níwájú nísàlẹ̀, kò sì ní ọ̀kan lókè. Nígbà tí ó bá lé díẹ̀ ní ọdún kan ni eyín ńlá méjì àkọ́kọ́ ń yọ; ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti pé. Ẹni tí ó bá ń ra ewúrẹ́ ní ọjà Ìkìrun, kí ó ṣí ètè rẹ̀ wò kí ó tó gba ìbúra ẹni tí ń tà á gbọ́.

Ewúrẹ́ méjì tí opó kan so mọ́ ẹ̀yìnkùlé lè jẹ́ gbogbo owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀. Ẹran kò sì lè fi ẹnu sọ ibi tí ó ń dùn ún. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, nígbà tí ara tiyín ṣì le, ẹ ka èémí rẹ̀ lábẹ́ ibòji, ẹ fi ọwọ́ kan ìhà òsì rẹ̀ kí ẹ mọ bí ó ti rọ̀ tó, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ tí àìsàn bá dé, ẹ ó ní ohun tí ẹ ó sọ fún oníṣègùn.