Adágún Ẹja Tí Ń Jò

Bí ẹ bá ń sin ẹja àrọ̀ nínú adágún tapólì ní ilẹ̀ olókè bí ti Ìrẹsì, ẹ ó ti jí rí ní òwúrọ̀ kan tí omi ti fà. Ẹ má tíì figbe ta. Ó lè jẹ́ oòrùn tàbí ọyẹ́. Ẹ bu omi sí garawa, ẹ fi òkúta sí i nínú, ẹ gbé e sínú adágún náà, kí ẹ sì fi ọ̀dà sàmì sí ojú omi méjèèjì. Bí ó bá di ọjọ́ kejì tí ti adágún fà ju ti garawa lọ, ó ń jò nìyẹn.

Ẹ má bu omi kún un mọ́. Ibi tí omi bá dúró sí, ní etí ibẹ̀ ni ihò wà. Bí kò bá dúró, ìsàlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí omi tó tán, ẹ kó ẹja sínú àgbá lábẹ́ ibòji, kí ẹ sì dé e. Àrọ̀ lè mí afẹ́fẹ́ òkè, omi díẹ̀ kì í tètè pa á. Fífò ni ó ń fò. Èmi gbàgbé láti dé e lọ́jọ́ kan, ológbò ló jẹ tèmi.

Ẹ fọ ojú ihò, kí ó gbẹ dáadáa. Ẹ gé àbùlẹ̀ roboto lára irú tapólì kan náà, kí ó fi ìka mẹ́ta ju ihò lọ yí ká. Gọ́ọ̀mù táyà kì í pẹ́ tú. Ẹ béèrè tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ta tapólì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú: ẹ yọ òkúta tí ó gún un, kí ẹ da iyanrìn kíkúnná síbẹ̀, kí ẹ tó pọnmi padà.