Kí Ló Ń Jó Gan-an?

Ọ̀rọ̀ iná la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹjọ́ ara mi bẹ̀rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń dín dòdò, mo sì ń tẹ fóònù. Kí n tó gbójú sókè, òróró ti gbiná. Mo sáré gbé abọ́ omi. Mọ́mì yàrá kejì figbe ta: "Má dà á o!" Wọ́n pa gáàsì, wọ́n fi ọmọrí dé ìkòkò náà. Iná kú.

Ká ní mo da omi yẹn ńkọ́? Omi wúwo ju òróró lọ, ìsàlẹ̀ ló máa rì sí. Òróró tó ń jó á ti gbóná kọjá 300°C, bẹ́ẹ̀ 100°C péré ni omi fi ń hó. Lójú ẹsẹ̀ ló máa di oru, lítà kan á sì fẹ̀ tó nǹkan bí lítà 1,700. Oru yẹn ló máa fọ́n òróró oníná sí ògiri, sí kọ́tìnì, sí ojú mi.

Torí náà, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: kí ló ń jó?

Igi, aṣọ, bébà, tìmùtìmù: omi ló pa á.

Bẹntiróòlù, kẹrosíìnì: iyanrìn, tàbí páúdà inú sílíńdà panápaná.

Iná mànàmáná: ẹ pa súwíìṣì ńlá ná. Ẹ má da omi sí i.

Gáàsì: ẹ ti orí sílíńdà bí ọwọ́ yín bá lè dé ibẹ̀. Tó bá jẹ́ òórùn nìkan lẹ gbọ́, ẹ má tan iná, ẹ má pa iná. Ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ jáde.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti táńkà epo. Ní oṣù kẹwàá 2024, ní Majiya, ìpínlẹ̀ Jigawa, ó lé ní 150 èèyàn tó kú. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní Dikko, ìpínlẹ̀ Niger, ó tún lé ní 80. Níbi méjèèjì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbọ́n bẹntiróòlù tó dànù ni. Mi ò bú wọn. Epo ti wọ́n, ebi ń pa ìlú. Àmọ́ oru bẹntiróòlù ló ń gbiná, ó sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ló máa ń rá bá lọ, títí táá fi kan iná níbi tó jìnnà sí táńkà. Ẹni tó ń gbọ́n epo ò ní rí i.

Tó bá jẹ́ Èkó lẹ wà, ẹ fi 767 àti 112 sínú fóònù yín báyìí, kí ẹ tó pa ètò yìí.

Ní tèmi o, bí mo bá ń dín nǹkan, yàrá ni fóònù mi ń wà. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.